Àgádágodo Tí Kò Ní Kọ́kọ́rọ́

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, àkọ́bí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kú lórí ibùsùn iṣẹ́ abẹ. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ó ní ọkọ, kò ní ọmọ.

Bàbá náà kò sunkún lójú ènìyàn. Ogójì ọdún ni ó ti fi ń gé kọ́kọ́rọ́, tí ó fi ń tún ilẹ̀kùn ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tí kò gbà ju tábìlì, ẹ̀rọ ìgékọ́kọ́rọ́ àti àga méjì lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́. Òun nìkan ló tọ́ ọmọbìnrin méjì. Ní báyìí, ó ku ẹyọ kan.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó padà lọ bá dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Obìnrin ni, kò tíì pé ogójì ọdún. Bàbá dúró, kò jókòó.

"Dókítà, kí ló pa ọmọ mi?"

Dókítà kò lọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀. Ó ní irú ẹran ara kan wà tó yẹ kó máa hù nínú ilé ọmọ nìkan. Lára ọmọ yìí, irú rẹ̀ hù síta, ó lẹ̀ mọ́ ìfun, ó lẹ̀ mọ́ gbogbo ibi tí kò yẹ. Bí nǹkan oṣù bá ti dé, òun náà á máa ṣẹ̀jẹ̀, níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti rí ọ̀nà jáde. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ìfun ti dì mọ́ra kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ òun.

"Ta ló ṣílẹ̀kùn fún un?"

"Ẹ̀n, Bàbá?"

"Ẹ ní ó kúrò ní yàrá tirẹ̀, ó bọ́ sí yàrá ẹlòmíràn. Ta ló ṣílẹ̀kùn?"

"Kò sẹ́ni tó ṣí i, Bàbá. Àìsàn ni."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Ogójì ọdún ni ó ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí olè jà pé kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn. Kò tíì sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ òótọ́.

*

Ní òdìkejì títì, ìyá ọkọ ọmọ náà ló ni ilé ìfọṣọ tí ooru omi máa ń bo gíláàsì fèrèsé rẹ̀ láti àárọ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Obìnrin tó sanra ni, ó lẹ́nu, ó sì lè wo kọ́là ẹ̀wù kan kó sọ irú ènìyàn tó wọ̀ ọ́ fún ọ.

Ọdún mẹ́fà ni ó fi ń gbé fílásíkì àgbo dúdú fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ lóṣooṣù. Lọ́jọ́ ìsìnkú, nígbà tí ó rò pé àna òun kò sí nítòsí, ó sọ fún obìnrin tó dúró tì í pé, "Ó kúkú ti sinmi. Ọmọ tèmi náà á lè sinmi."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ gbọ́. Kò yíjú padà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni gbé eegun ẹja mì.

Oníṣègùn kan wà lẹ́yìn ilé fọkanáísà, nínú yàrá kan tí wọ́n kùn ní funfun. Nítorí pé kì í fẹ́ kí àlejò máa ro ẹjọ́ fún òun, Má-sọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Ọ̀sán gangan ni wọ́n máa ń lọ bá a, nígbà tí ariwo ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Kò sí awọ ẹran lára ògiri rẹ̀, kò sí orí òkú níbì kankan. Tábìlì kan ló ní, àti ìgò mẹ́ta tí kò kọ nǹkan sí lára. Ìyẹn gan-an ló ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù.

"Ta lo fura sí?" ni ó bi Bàbá Kọ́kọ́rọ́ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Àna mi obìnrin."

"O rí i?"

"Mi ò rí i. Ó dá mi lójú."

"Kò tó. Má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí oògùn fúnra rẹ̀ wá olówó ẹ̀."

Ó bu lẹ́búlẹ́bú kan sínú bébà, ó sì sọ ohun tí Bàbá máa ṣe. Kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ àgádágodo tuntun. Kí ó da oògùn náà sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìrora ọmọ náà máa ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù, kí ó fi ẹnu sí ihò kọ́kọ́rọ́, kí ó sọ ọ̀rọ̀ tí òun máa kọ́ ọ, kí ó sì tì í.

"Gé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápá kan," ni Má-sọ̀rọ̀ wí. "Bí o bá rí ohun tí o kò retí, ṣí i kíá."

*

Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ ni. Bàbá fi irin tó dára jù rọ ọ́, ó fi fáìlì tí a fi ń rẹ́ irin rẹ́ etí rẹ̀ títí ó fi ń dán. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù náà, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ẹnu sí ihò àgádágodo.

"Ẹni tí àrùn ọmọ mi ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, ibi yòówù kó wà, kí ìrora ọmọ mi padà sí i lára. Kó jẹ ẹ́ bí ọmọ mi ṣe jẹ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó pa dé láìdún. Àgádágodo tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ rọ, tí ó yẹ kó dún kọ́! kò dún rárá. Lára ògiri, gbogbo kọ́kọ́rọ́ tó so kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mì lẹ́sẹẹsẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí atẹ́gùn nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ibi tó yẹ kó dúró nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìgbéraga iṣẹ́ gùn ún. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn tì ni ó ti ń ṣí láti ogójì ọdún. Ó fẹ́ kí ẹyọ kan wà láyé tí ẹnikẹ́ni kò ní lè ṣí. Kò gé kọ́kọ́rọ́ kankan. Ó yọ́ òjé, ó dà á sí ihò náà títí ó fi kún, ó sì fi fáìlì rẹ́ ojú rẹ̀ títí èèyàn kò fi ní mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀ rí.

Ó gbé e sórí pẹpẹ, ó jókòó, ó dojú kọ ilé ìfọṣọ. Ó ń retí.

*

Ní ọjọ́ kẹta, ó rí àna rẹ̀ tí ń sá aṣọ ibùsùn funfun kan. Àbàwọ́n pupa kan wà láàárín rẹ̀, ó tó àtẹ́lẹwọ́. Obìnrin náà ká a, ó gbé e wọlé. Ọ̀sán, ó tún sá a. Àbàwọ́n náà ṣì wà, ó ti tó àwo. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó jókòó sórí àpótí, aṣọ náà lórí itan rẹ̀, ó ń wo ojú títì. Ó gbójú sókè díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi kan ojú Bàbá Kọ́kọ́rọ́.

Kò sí ẹni tó kí ẹnì kejì.

Oṣù kan kọjá. Ìyá Alágbàfọ̀ kò ṣàìsàn. Ó ń pariwo mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, bí Bàbá ti ń gé kọ́kọ́rọ́ fún oníbàárà kan, nǹkan gbá a mú nísàlẹ̀ ìdodo, lápá òsì. Ó lọ́ ọ, ó já sí itan, ó já sí ẹ̀yìn. Ó di tábìlì mú. Oníbàárà bi í bóyá kí òun pe ẹnìkan. Ó ní rárá, kó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kó máa lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni. Ní ọjọ́ kẹrin ó lọ, bí ìgbà tí kò wá rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó bá ìlà búlúù kan lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, irú búlúù tí àwọn alágbàfọ̀ ń fi sí aṣọ funfun. Wọ́n fà á gún régé, láti òpó kan dé òpó kejì. Ìyá Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ dúró ní òdìkejì títì, ó káwọ́ lẹ́yìn.

"Àna mi, ẹ ò jí ire bí? Mo rí yín lánàá, tí ẹ tẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀."

"Ta ló fa nǹkan yìí?"

"Èmi ni. Kí ohun tó wà lórí pẹpẹ yín yẹn má bàa sọdá wá bá mi. Àbàwọ́n tí kò lọ lára aṣọ yẹn ló kọ́kọ́ kìlọ̀ fún mi."

"Kí lẹ mọ̀ nípa pẹpẹ mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ẹ̀yìn ilé fọkanáísà? Aṣọ ta lẹ rò pé Má-sọ̀rọ̀ ń wọ̀? Èmi ni mò ń lọ̀ ọ́ fún un."

"Ẹ̀yin lẹ pa á."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Àna, ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀, ẹ fi èmi sílẹ̀. Ẹ wá a lọ síbòmíràn."

*

Bàbá lọ bá Má-sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ní àna òun ti dá ọfà padà, ó ti wọ òun lára. Kí ó fún òun ní èyí tó le jù ú lọ.

"Ṣí i," ni Má-sọ̀rọ̀ wí.

"Kò ní kọ́kọ́rọ́."

Má-sọ̀rọ̀ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Bàbá rí i pé ojú rẹ̀ ti rẹ̀.

"Mo ní kí o gé kọ́kọ́rọ́. Máa lọ. Má padà wá fún oògùn."

Ó lọ. Ṣùgbọ́n díẹ̀ kù nínú bébà. Òun ló sì ṣe kọ́kọ́rọ́ ilé ìfọṣọ. Ó mọ ibi tí ọwọ́ obìnrin náà ń kọ́kọ́ kàn láràárọ̀. Ó gbọn ìyókù lẹ́búlẹ́bú náà síbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, ó rékọjá ìlà búlúù, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù nígbà tí igbe ta nínú ilé ìfọṣọ. Ẹ̀rọ ìlọṣọ ńlá, èyí tí ń pa dé bí ìwé, ti pa dé mọ́ ọwọ́ ọ̀tún Ìyá Alágbàfọ̀. Àwọn èèyàn sáré. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kò sáré. Eyín kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló kù tí kò tíì gé. Ó gé wọn tán, ó fẹ́ ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀, ó gbé e kọ́. Kí a má purọ́, inú rẹ̀ dùn.

*

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, ìrora náà padà wá, ó sì le ju ti àkọ́kọ́. Ó wà nílẹ̀, tí ó ká bí ejò, nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé Àbígbẹ̀yìn, ọmọ tó kù ú kù, ti dákú sídìí kóńtà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni.

Dókítà kan náà ni. Ó ní àìsàn kan náà ni. Ohun kan ti wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọmọ, ìfun sì ti ń lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ìgbà wo ló ti ń dùn ọ́?" ni Bàbá bi ọmọ rẹ̀.

"Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá, Bàbá mi."

"O kò sọ fún mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún yín. Ẹ ní gbogbo obìnrin ló ń ṣe."

Dókítà ní iṣẹ́ abẹ náà kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, òun kò lè ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ibùsùn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú sí ń ba Àbígbẹ̀yìn. "Bí Bàbá mi bá ní kí n lọ, màá lọ. Bí wọn ò bá sọ bẹ́ẹ̀, mi ò lọ."

Bàbá kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n dúró ná. Òun fẹ́ kọ́kọ́ yanjú ẹni tó wà nídìí rẹ̀.

Dókítà mú un wọ ọ́fíìsì. "Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Nínú àwọn ẹbí ìyá wọn, ṣé obìnrin kankan wà tó ní irú ìrora yìí?"

"Kò sí. Obìnrin mẹ́fà ni wọ́n, gbogbo wọn bímọ wọ̀ǹtìwọnti." Ó sọ ọ́ bí ẹni mú ẹ̀rí jáde ní kóòtù.

"Lọ́dọ̀ tiyín ńkọ́?"

"Ọkùnrin ni mí."

"Mo mọ̀, sà." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ó dá a dúró. "Ohun tí a ń jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, àwọn ìyàtọ̀ kéékèèké wà nínú rẹ̀. Ó pọ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó ń mú kí àìsàn yìí tètè rí obìnrin kan mú ju òmíràn lọ. Kò sọ pé dandan ni. Bàbá lè gbà á lọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀, kó gbé e fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, kí òun má sì mọ̀ ọ́n lára títí ayé."

"Ta ló wá jẹ̀bi?"

"Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi, Bàbá."

"Irọ́ ni. Ọmọ mi kú. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jẹ̀bi."

*

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Kọ́kọ́rọ́ obìnrin ló dé sí ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ kejì. Ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, Tíṣà ni àbúrò rẹ̀ gan-an ń pè é. Kò lọ́kọ, kò bímọ, ọdún kejìdínlógún sì nìyí tí àwọn méjèèjì kò ti jókòó pa pọ̀ ju ọjọ́ òkú lọ.

"Wọ́n ní inú ń run ọ́."

"Ọ̀tá ni, Tíṣà."

"Ọjọ́ wo ló ń mú ọ?"

"Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n."

"Apá òsì, nísàlẹ̀ ìdodo. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí itan. Lọ́jọ́ kejì yóò bọ́ sẹ́yìn, tí o kò ní lè dìde jókòó láìdi nǹkan mú. Lọ́jọ́ kẹta, wàá máa ṣe bí ẹni fẹ́ bì, kò sì ní wá."

Fáìlì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ọdún méjìlélógójì ni mo fi gbé e. Ìyá wa náà gbé e. Kí lo rò pé wọ́n ń ṣe nínú yàrá tí wọ́n máa ń tì mọ́ra wọn lóṣooṣù, àdúrà?"

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

Ohùn Tíṣà kò ròkè.

"Mo sọ fún ọ. Nígbà tí àkọ́bí rẹ pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Mo wá síbí, mo jókòó sórí àga yìí, mo ní kí o gbé e lọ sílé ìwòsàn, mo ní mo mọ ìrora yẹn. O ní kí n má kó àgàn mi ran ọmọ rẹ. Kò tán síbẹ̀, o ní kí n má wá mọ́."

Ó rántí. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé kò gbàgbé rí. Ó kàn ti gbé e pa mọ́ síbi tí kì í dé. Ó gbójú sókè wo pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ sínú àgádágodo náà padà wá sí i létí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí àrùn ọmọ mi ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Oògùn náà kò ṣìnà. Kò sọdá títì. Láti ìṣẹ́jú tó ti tì í ni ó ti bá olówó ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà.

*

"Bí mo bá fọ́ àgádágodo náà ńkọ́?" ni Bàbá bi Má-sọ̀rọ̀.

"Yóò jáde. Yóò wá ẹlòmíràn tí ẹ jọ ní ẹ̀jẹ̀ náà."

"Ọmọbìnrin kan ló kù."

Má-sọ̀rọ̀ tún bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ sórí tábìlì.

"Bí mi ò bá fọ́ ọ?"

"Ara rẹ ni yóò wà. Títí yóò fi parí iṣẹ́ ẹ̀."

Láti ibẹ̀ ó lọ sí ilé ìfọṣọ. Ìyá Alágbàfọ̀ jókòó, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ ní báńdéèjì dé ìgúnpá.

"Kì í ṣe ẹ̀yin," ni Bàbá wí. Ó ṣòro fún un láti sọ. "Ọ̀dọ̀ mi ló ti wá."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé kì í ṣe èmi." Ó gbé ọwọ́ náà sókè. "Àgbo tí mò ń fún un, kó lè bímọ ni. Mo fẹ́ ọmọ-ọmọ, mo sì fi ẹnu mi gún ìyàwó ọmọ mi lára. Ìyẹn lẹ̀ṣẹ̀ tèmi, mo gbà. Èyí wo lọwọ́ mi yìí ń san?"

Bàbá bọ́ fìlà rẹ̀.

"Ṣé ẹ lè fọ́ nǹkan yẹn?"

"Mo lè fọ́ ọ."

"Ẹ má fọ́ ọ." Ojú rẹ̀ kò ṣẹ́. "Ẹ búra pé ẹni tó ṣe é ló máa jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́, Àna."

"Mo gbọ́," ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kẹta, ọ̀rọ̀ òun àti àna rẹ̀ jọra.

Ó lọ tààrà sí ilé ìwòsàn. Ó dúró lẹ́bàá ibùsùn Àbígbẹ̀yìn.

"Lọ," ni ó wí. "Èmi ni mo ní kí o lọ."

Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni iṣẹ́ abẹ náà gbà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n kò tíì pé, ṣùgbọ́n nǹkan náà kò dúró de ọjọ́ mọ́. Ó gbá a mú bí wọ́n ti gbé ọmọ náà wọlé, kò sì tú u sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé oògùn ìrora wá fún un. Ó gbé e sápò, kò lò ó. Dókítà jáde nígbẹ̀yìn, òógùn lójú, ó ní ọmọ ti jí. Ó wo bí Bàbá ṣe jókòó, ó ní kí ó jẹ́ kí òun yẹ òun náà wò.

"Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ mi," ni Bàbá wí. "Ẹ wá ohun tí ẹ sọ yẹn nínú rẹ̀, kí ọmọ tí ọmọ mi bá bí lè mọ ohun tó ń bọ̀. Ẹ má yẹ nǹkan mìíràn wò."

"Ìyà yìí kò yẹ yín, Bàbá."

"Ó yẹ mí. Ẹ̀yin lẹ kò mọ̀."

Ó kú ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, lórí àga, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tíṣà ló kọ ohun tó fi sílẹ̀:

Ẹ̀rọ ìgékọ́kọ́rọ́ kan, tí ó ti fi epo pa.

Fáìlì mẹ́rìnlá, tí ó tò láti orí kékeré dé ńlá.

Àwọ̀tẹ́lẹ̀ mẹ́rin, ẹ̀wù mẹ́fà, bàtà aláwọ dúdú kan tí kò tíì wọ̀.

Páálí oògùn ìrora mẹ́ta láti ilé ìwòsàn. Kò ṣí ọ̀kankan.

Àgádágodo kan tí ojú rẹ̀ dí, tí kò sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn.

Ìgò ẹ̀jẹ̀ kékeré kan lọ́dọ̀ dókítà, tí wọ́n kọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ sí lára.

Àna kan, tí ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mẹ́ta kò lè ká mọ́.

Ọmọbìnrin kan, tó ń rìn, tí kò tẹ̀.